Odó Kan, Ọ̀tá Méjì

Ẹ sún mọ́ mi níbí. Ẹni tó wà lójúde, kó wọlé. Ẹni tó jókòó sórí ọ̀kadà, kó pa iná rẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé etí yín wá, ẹ má sì fi ikùn sílẹ̀ nílé, nítorí iṣu ti wà lórí iná, kò ní í pẹ́ jinná. Ìtàn búkà wa tó wà lẹ́bàá títì ní Aládé ni mo fẹ́ sọ. Bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ń pa mí, orin ń yọ lẹ́nu mi. Hàfsátù lẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn tó ń fojú burúkú wò mí. Ẹ má dá a lóhùn. Ó wá gbọ́ bóyá màá parọ́ ni.

Búkà náà ò ní pátákó, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Búkà Oníjà ni wọ́n ń pè é. Páànù ló wà lórí rẹ̀, igi ló gbé e ró, àpáta ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó wà nínú ìkòkò. Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà á máa bá òórùn ọbẹ̀ jà nímú ènìyàn. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń kó kòkó ń yà síbẹ̀. Àwọn alágbàṣe oko ń yà síbẹ̀. Àwọn tó lọ gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tí orúnkún wọn ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń gba orúnkún wọn padà.

Ẹ fẹ́ mọ bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀? Bàbá Dáramọ́lá ló ni ilẹ̀. Bàbá ní kí n wá máa lo àtíbàbà náà. Bàbá ò mọ̀ pé ìyàwó òun ti fún ẹlòmíràn. Ìgbà tí mo gbé ìkòkò mi dé, mo bá obìnrin kan tó ti dáná. Ó ti Ṣakí tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá, ọkọ rẹ̀ ń bá olóko kan ro kòkó kí wọ́n lè jọ pín in.

Mo ní, "Ta ló ní kí o dáná síbí?"

Ó ní, "Ta ló ní kí o bi mí?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá ní òun ò lè yí ọ̀rọ̀ òun padà, ìyàwó rẹ̀ ní òun náà ò lè yí tòun. Èmi ò kúrò, Hàfsátù ò kúrò. Ó dáná sápá òsì, mo dáná sápá ọ̀tún. Ó ń se ilá alásèpọ̀, èmi ń se ẹ̀gúsí tí ìgbín ń yọjú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n odó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, odó ńlá tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ láti ayé bàbá Bàbá Dáramọ́lá. Kò ṣeé gbé lọ, kò sì ṣeé dá gún. Ẹni méjì ní í gún un. Ó wá di iyán kan, ọbẹ̀ méjì, ọ̀tá méjì.

A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Bó bá dúró tì mí báyìí, tí èéfín mi ń wọ̀ ọ́ lójú, Ọ̀ṣúndé awakọ̀ lọ́rì ló máa pè.

"Ọ̀ṣúndé, jọ̀ọ́ bá mi sọ fún ẹni tó wà lápá ọ̀tún pé igi tútù tó fi ń dáná yẹn, ṣé ẹja ló fẹ́ yan ni, àbí èmi?"

Ọ̀ṣúndé á kọjú sí mi. "Màmá Tófúnmi, wọ́n ní..."

"Mo gbọ́. Sọ fún un pé ẹja ní láárí. Èmi ò lè fi igi mi ṣòfò lórí egungun."

Ìyẹn lọ̀rọ̀ àárọ̀. Ọ̀sán ni orin. Orin òwe là ń kọ, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n, orí fóònù lẹ ti ń bú ara yín. Òfin orin òwe ò le. O ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí orin bá bà, á mú ojú kúrò, á gbé tirẹ̀ dìde bí ẹni pé ẹyẹ orí igi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé ara rẹ̀, tó bèèrè pé "Ṣé èmi ni?", ó parí fún un. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé èébú náà wọ̀. Wọn á fi ṣẹ̀sín títí kòkó á fi so òmíràn.

Bí iṣu bá ti jinná, Hàfsátù á gbé ọmọ odó tirẹ̀, èmi á gbé tèmi. Á wá yọ ohùn rẹ̀ tó mú bí abẹ:

*Ẹ bá mi wò ó o, ẹ bá mi wò ó,*
*Adìyẹ kan ń rìn bí ẹni tó ní mọ́tò,*
*Ìrù rẹ̀ ò bo ìdí rẹ̀,*
*Ó ní ọ̀kín ò mọ aṣọ í wọ̀.*

Àpáta ẹ̀yìn wa á gba orin náà, á tún un kọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni èébú kọ̀ọ̀kan ń bà mí. Ọmọ odó mi ò ní dúró. Èmi náà á ní:

*Mo gbọ́ o, mo gbọ́ o, kì í ṣèmi lẹ ń bá wí,*
*Àlejò tó ń júwe odò fún onílé,*
*Omi ni yóò gbé e lọ,*
*Àwa la ó bá a mú gèlè rẹ̀ délé.*

Bẹ́ǹṣì á hó! Ọ̀ṣúndé àtàwọn ọlọ́kọ̀ ló wà lẹ́yìn mi. "Màmá, ẹ má gbà fún un!" Àwọn alágbàṣe ará Òkè Ògùn ló wà lẹ́yìn Hàfsátù. "Ìyá Jùwọ́n, ẹ tún un gbé! Ẹ gbé e kalẹ̀ gbì!" Àwọn mìíràn ti jẹun yó tipẹ́, wọn ò dìde, wọ́n fẹ́ gbọ́ èyí tó kù.

Ọ̀tá tí a jẹ́ síra wa, kì í ṣe eré o. N kò fẹ́ràn obìnrin yìí. Bí ó bá dé ìdí kànga kí n tó dé ibẹ̀, oúnjẹ ò ní wọlé fún mi lálẹ́. Òun náà, bí mo bá ra gèlè tuntun, ó máa ń wú ikọ́. Ó ń da omi àwo sórí igi ìdáná mi. Mo ń fi abẹ̀bẹ̀ darí èéfín sí i. Ẹni méjì tó ń gún odó kan, bí ọwọ́ ẹnìkan bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ odó ẹnìkejì á fọ́ ọ. Èmi ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń ṣọ́ olè, òun náà ń ṣọ́ tèmi. Nítorí ìyẹn, ọwọ́ wa ò ṣì rí. Iyán wa funfun, ó jọ̀lọ̀, ó ń fà. Ẹni tí kò léyín ń jẹ ẹ́.

Ẹ gbọ́ bí àlàáfíà ṣe wá fẹ́ bà á jẹ́.

Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Wòlíì wa, Ọlọ́runníyì, ènìyàn dáadáa ni, ààwẹ̀ ò ṣòro fún un. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó na ọwọ́ sí mi láàárín ìjọ.

"Màmá Tófúnmi! Mo rí ọmọ odó kan lọ́wọ́ yín, iná ń jó lórí rẹ̀. Orin ẹnu yín ló dábùú ọ̀nà ìbùkún yín!"

Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní wárìrì? Ó mú mi síwájú pẹpẹ, ó tan àbẹ́là, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé n kò ní kọ orin òwe sí Hàfsátù mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Wòlíì fẹsẹ̀ lásán rìn wá sí búkà, ó lọ bá òun náà.

Hàfsátù ní, "Wòlíì, ẹ ṣeun. Mùsùlùmí ni mí, mi ò lè bá yín tan àbẹ́là. Ṣùgbọ́n bí kò bá ti kọ, èmi náà ò ní kọ. Ta ló ń bá ògiri jà?"

Bí àlàáfíà ṣe wọ búkà wa nìyẹn. Yéè! Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Jùwọ́n."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ń lẹ̀ mọ́ mi láhọ́n bí ẹ̀kọ tí kò jinná. Tó bá di ọ̀sán, àwa méjèèjì á dúró ti odó bí ìyàwó tuntun. Mo gbìyànjú orin ìjọ. Orin ìjọ dára, ṣùgbọ́n ó ń fà gbọ̀ọ̀rọ̀, ọmọ odó á wà lókè tí yóò máa dúró de "Àmín", iṣu á sì máa tutù. Iṣu tó bá ti tutù, ẹ ò lè bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó di kókó. Lọ́jọ́ kan, ọmọ odó Hàfsátù bà mí lọ́rùn ọwọ́, ó sì ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọmọ odó lọ.

Ọ̀ṣúndé tu òkèlè sọ́wọ́, ó gbé e sójú oòrùn wò.

"Màmá, òkúta orí òkè lẹ gún mọ́ ọn ni?"

"Jẹun, jọ̀ọ́."

"Èmi ò ní eyín tí mo fẹ́ fi tọrẹ o."

Láti ọjọ́ yẹn, lọ́rì rẹ̀ ń kọjá, ó kàn ń fun fèrè fún wa ni. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Eṣinṣin ló kù lórí bẹ́ǹṣì.

Ibẹ̀ ni Dominic ti rí àyè. Dominic, ọmọ Bàbá Dáramọ́lá, Àkúrẹ́ ló ń gbé. Ó dé pẹ̀lú Michelle, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya. Bàtà rẹ̀ ń dán débi pé mo rí ìkòkò mi nínú rẹ̀. Kò kí wa. Ó kọjú sí bàbá rẹ̀, ó ń nawọ́ sí òrùlé wa.

"Dádì, ẹ wò ó, ta ló ń jẹun níbí mọ́? Michelle fẹ́ ṣí ibi tí wọ́n á ti máa ta ṣàwámà àti ráìsì. Ibi tó máa ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jẹ́ kí àwọn màmá yìí lọ sinmi. Ó ti rẹ̀ wọ́n."

Hàfsátù ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ wá?"

"Màmá, ẹ̀yin kọ́. Iyán yín ló rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ́ dì mí lẹ́nu. Bàbá Dáramọ́lá tẹjú mọ́ odó bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Dominic, èmi ò mọ ṣàwámà. Iyán ni mo mọ̀, àtàǹpàkò mi ló sì ń bá mi dá ẹjọ́ iyán. Lọ́jọ́ Sátidé, màá kó àwọn ọlọ́kọ̀ wá jẹun. Bí kókó bá kan àtàǹpàkò mi, àtíbàbà di tìrẹ. Bí kò bá kàn án, má tún bá mi sọ ọ́ mọ́ láéláé."

Kí ni mo ní lẹ́yìn búkà yẹn? Ọkọ mi ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ti gba oko kòkó. Ibi iná yẹn ni mo ti ń jẹ́ ènìyàn. Ọkọ Hàfsátù náà, ejò ti bù ú jẹ lóko, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Àwa méjèèjì wo ara wa, a sì yára mú ojú kúrò.

Sátidé dé. Bẹ́ǹṣì kún. Ọ̀ṣúndé jókòó, ó di apá pọ̀. Wòlíì Ọlọ́runníyì ń ti orí òkè bọ̀ níbi tó ti ń gbààwẹ̀ gbàdúrà, aṣọ funfun rẹ̀ ti pọ́n nísàlẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun. Iyán wa ló fẹ́ fi ṣínu. Michelle gbé fóònù dání. Dominic mú téèpù, ó ti ń wọn igi àtíbàbà wa lójú wa.

"Ìyá Jùwọ́n, ẹ kọ́kọ́ gbé tiyín."

"Rárá o, Màmá. Ẹ̀yin ni àgbà."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́."

A jọ gbé e, a jọ sọ ọ́ kalẹ̀. Gbàgà! Ọmọ odó kọlu ara wọn, iṣu fò jáde, ó bọ́ sórí bàtà Dominic. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ kérora bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Èyí tó kù, a gún un bí a ṣe lè gún un. Bàbá ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, kókó kàn án. Ó fà á yọ, ó nù ún mọ́ aṣọ.

Dominic ní, "Dádì, ó tán o."

"Ìkòkò iṣu kan ṣì wà lórí iná," Bàbá fèsì. "Ìyẹn ni màá fi dá a."

Hàfsátù lọ sọ ìkòkò náà. Ó da iṣu sínú odó, èéfín gbòòrò bo ojú rẹ̀. Nígbà tí èéfín fẹ́, mo rí i. Ojú àtijọ́ ni. Ojú burúkú yẹn tó fi ń wò mí nísinsìnyí, ẹ wò ó kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ó gbé ọmọ odó sókè, kò bẹ̀ mí, kò kí mi:

*Ọmọ odó ti rọ lọ́wọ́ ẹnìkan o,*
*Ẹnu tó ń dún bí agogo ti dẹnu ẹja,*
*Ó ní àdúrà lòun ń gbà,*
*Ìbẹ̀rù ló di ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń di ẹ̀kọ.*

Àpáta tún un kọ. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Èmi! Èmi ni ẹnu mi dẹnu ẹja! Ọwọ́ mi ti gbé ọmọ odó sókè fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń hó létí mi, orin ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n mo rí àbẹ́là tó ń jó níwájú pẹpẹ. Mo wo Wòlíì.

Hàfsátù ò dúró. *Ẹnu ẹja o, ẹnu ẹja!* Iṣu ti fẹ́ máa tutù.

Mo kígbe pé, "Wòlíì! Ẹ̀jẹ́ mi ńkọ́?"

Wòlíì wo òkè, ó wo odó. Ikùn rẹ̀ dún, gbogbo búkà gbọ́ ọ. Ó nà dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Èmi tí mo so ó, èmi náà ni mo tú u! Màmá Tófúnmi, ẹ dá a lóhùn, ní orúkọ Jésù, kí n rí nǹkan jẹ!"

"Àmíììn!" Ọ̀ṣúndé ló kọ́kọ́ ṣe é.

Háà, ẹ̀yin ènìyàn! Mo la ẹnu:

*Ẹ yàgò o, ẹ yàgò fún mi,*
*Ẹja tí wọ́n ní kò lẹ́nu ti gbé ìwọ̀ mì,*
*Ó ti fa apẹja wọ odò,*
*Ẹ ní kí ará ilé rẹ̀ má ṣe se oúnjẹ dè é!*

Tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tèmi gòkè. Tèmi sọ̀ kalẹ̀, tirẹ̀ gòkè. Gbì-gbì, gbì-gbì, òógùn ń ro lágbọ̀n mi. Ó bú ẹsẹ̀ mi, mo bú orí rẹ̀. Ó bú ọbẹ̀ mi, mo bú gbogbo Ṣakí. Àwọn alágbàṣe gun orí bẹ́ǹṣì. Iyán bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, ó ń tú sílẹ̀, ó ń dún pà-pà bí ọwọ́ ọmọdé. Hàfsátù wá kọ ọ̀kan tí mi ò gbọ́ rí:

*Bàtà dán, orí ò dán,*
*Ó dé ilé ẹni ẹlẹ́ni, kò kí baálé,*
*Ó ń fojú wọn òpó,*
*Bí òpó bá wó, orí ta ni yóò wó lé?*

Èmi ò wọ bàtà lọ́jọ́ náà. Mo ń ronú èyí tí màá fi fèsì nígbà tí a gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn.

"Màmá! Ṣé èmi ni? Ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

Dominic ni, téèpù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣúndé ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kò lè dìde. "Ó bèèrè! Ó fẹnu ara rẹ̀ bèèrè!" Michelle gan-an fi fóònù bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Bàbá Dáramọ́lá mi orí. "Dominic, ọmọ mi, ta ló pè ọ́?"

A kó iyán. Bàbá ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ lójú ọ̀tún, ó ti í bọ̀ ọ́ lójú òsì, ó rì í mọ́lẹ̀ láàárín gbùngbùn. Kò sí ohun tó kàn án. Ó pa ojú dé. Ó bu òkèlè, ó tì í bọ ẹ̀gúsí mi, ó bu òmíràn, ó tì í bọ ilá Hàfsátù kí ìjà má bàa dé bá òun náà. Nígbà tó gbé e mì, ó ní, "Dominic, ká téèpù rẹ."

Wòlíì gbàdúrà tó kúrú jù tó gbà rí láyé rẹ̀. Ó jẹ, ó bu kún un. Michelle bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì, nígbà tó ṣe, fọ́ọ̀kì wà lábẹ́ tábìlì, ìka márààrún wà nínú ilá. Dominic ló jẹun kẹ́yìn. Ìtìjú kì í pa ebi. Gbogbo wọn lọ sílé pẹ̀lú ikùn kíkún, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè lọ lójú ọ̀nà.

Ẹ rò pé èmi àti Hàfsátù dì mọ́ra wa? Ó tì o! Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ó gbé omi àwo, ó dà á sórí igi ìdáná mi ṣùà. Inú mi dùn débi pé mo jó relé.

Búkà ò sí mọ́ báyìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n fẹ títì, àtíbàbà wó, wọ́n hú odó. A jà lórí ẹni tí yóò gbé e, nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi sí àgbàlá yìí tí a jọ ń gbé, lábẹ́ àpáta náà, láàárín yàrá mi àti tirẹ̀. Àwọn ọmọ wa ló ń gún un. Èmi àti ẹni yẹn là ń kọrin.

Kí ló ní? Ó ní mo parọ́ níbì kan? Ó ní òun ò wú ikọ́ nítorí gèlè mi rí? Ẹ má dá a lóhùn! Iṣu ti jinná. Tófúnmi, Jùwọ́n, ẹ gbé ọmọ odó. Ìwọ tí o wà ní kọ̀rọ̀, la ẹnu rẹ bí ó bá ṣì ń là.

...

Ó dáa, ẹ ti fọwọ́. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni nínú yín ò ṣẹ́ òkèlè kù, ìgbín mi ti di ìkarahun lásán, ilá tirẹ̀ náà tán, mi ò ní bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà, ó gẹ̀rẹ́, ikùn yín sì wúwo. Àpáta ṣì ń kọ orin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn yín. Tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀.